Ẹ gbà mí o: ọkọ mi kì í jẹun púpọ̀, síbẹ̀ ikùn rẹ̀ ń yọ

Ìyá Fẹ́mi: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbá ọkọ mi, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ tí kò sì lè rìn mọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá lọ́jọ́ Àìkú, ó ní mò ń bọ́ àbúrò òun bí ẹni ń bọ́ màlúù, lójú àwọn ọmọ mi! Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tín-ín-rín, ikùn ń yọ síwájú. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Bọ̀dá Rasaq: Ẹ̀bà alẹ́ ni. Ẹ dá a dúró.

Àǹtí Bísí: Ẹ̀bà kọ́, Bọ̀dá. Ìyá Fẹ́mi, ibo ni ọ̀pá ẹ̀yìn ti bàjẹ́? Kílò mélòó ni? Kí ló ń mu? Iṣan ara máa ń jó oúnjẹ kódà téèyàn bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí iṣan ìsàlẹ̀ bá ti ń gbẹ, ohun tí ara ń jó nígbà ìsinmi lè fi ìdá 14 sí 27 nínú 100 dín sí ti ẹni tó ń rìn.

Ìyá Fẹ́mi: Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Láti ìdodo lọ sísàlẹ̀ ni kò mọ nǹkan lára. Kílò 82 ló wà nínú káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ àtijọ́. Mo ti dín ẹ̀bà kù tipẹ́.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Ìdodo, T10 nìyẹn, ìpele kẹwàá ọ̀pá ẹ̀yìn níbi àyà. Iṣan ikùn ìsàlẹ̀ ti dẹ̀, ìyẹn nìkan lè mú kí ikùn yọ láìsí ọ̀rá. Ìgbẹ́ tó dúró sínú náà lè wà níbẹ̀. Ìgbà wo ló yàgbẹ́ kẹ́yìn?

Àǹtí Bísí: Kílò 82 yẹn, kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ni, ẹ má fi ṣírò. Ẹ wá òṣùwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó. Ẹ ti òun àti àga onítáyà rẹ̀ gun orí rẹ̀, ẹ wá wọn àga nìkan, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá tẹ́ pákó, ẹ yọ ìwọ̀n pákó náà.

Ìyá Fẹ́mi: A ti wọ̀n ọ́n. 91 pẹ̀lú àga, àga nìkan 19.

Bọ̀dá Rasaq: Kílò 72 kò pọ̀ fún ọkùnrin.

Àǹtí Bísí: Fún ẹni tó ń rìn ni. Fún ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, BMI 22 ni ààlà kó tó di pé ó sanra jù (BMI ni kílò tí a fi gíga ní mítà pín lẹ́ẹ̀mejì). Bó bá ga tó mítà 1.70, kílò 64 ti kàn án. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílò bíi kálórì 28 fún kílò kan lójúmọ́, tirẹ̀ á jẹ́ bíi 2,000. Ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, bíi 23. Ẹ ò tíì sọ ohun tó ń mu o.

Ìyá Fẹ́mi: Malt méjì pẹ̀lú mílíìkì lójúmọ́, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Mi ò lè dá ìyẹn dúró.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Ṣúgà ló pọ̀ nínú malt, kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀. Méjì pẹ̀lú mílíìkì á tó kálórì 400. Ta ló ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó?

Ìyá Fẹ́mi: Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nítorí egbò ìdí rẹ̀. Ó ti pé oṣù kan, ó ń ṣomi. Spirit ni mo fi ń nù ún.

Àǹtí Bísí: Ìyá Fẹ́mi, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ lẹ fi èyí sí! Ẹ fi ọ̀rọ̀ dídín oúnjẹ kù sílẹ̀ ná. Omi egbò ń kó púrótéènì, èròjà tó ń tún ara ṣe, jáde. Kálórì 30 sí 35 fún kílò kan ni báyìí, 2,160 sí 2,520. Púrótéènì gíráàmù 1.25 sí 1.5 fún kílò, 90 sí 108 lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi 6, ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní bíi 22. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ kídìnrín rẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi spirit sílẹ̀, ó ń pa ẹran tuntun. Omi iyọ̀ ilé ìwòsàn ni kí ẹ fi nù ún. Lórí ibùsùn, ẹ yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Lórí àga, kó tẹ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú méjì, ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 síra wọn.

Ìyá Fẹ́mi: Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn náà ló ní kí n má sọ̀rọ̀ egbò náà síta. Malt ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Ẹ fi ẹyin méjì àti ẹ̀wà rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́la, kí wọ́n wo bí egbò náà ti jìn tó. Bó bá ń rùn, tàbí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró dọ̀la.