Òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ: ti ìka 8, ti iṣan 4. Èwo ni ká gbà?

NọọsiAgbegbe: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni, ní Houston. Wọ́n gún un níka, òjé jẹ́ 8 µg/dL (máíkírógíráàmù òjé nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan). Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ níṣan, ó di 4. Ìyá rẹ̀ ń lé tìróò fún un. Ṣé òjé ọ̀hún ti ń kúrò lára ni? Ẹbí wọn kan ní London ní 0.39 péré ni ti ọmọ tòun.

BabaLaabu: Ti iṣan ni kí ẹ gbà. Òjé kì í fọ̀sẹ̀ kan dín sí ìdajì. Ó ń gbà tó oṣù kan kó tó dín sí ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó bá sì wọ eegun lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìka ni mo fura sí. Ọmọ tó ń fọwọ́ ra ojú tí wọ́n lé tìróò sí, ẹ̀tù rẹ̀ tó lè ní òjé nínú á lẹ̀ mọ́ ọn níka, á bá ẹ̀jẹ̀ wọnú ìgò. Ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n fi fọ ọwọ́ náà kó tó kan sípíríìtì, torí sípíríìtì nìkan kì í ṣí òjé. Kí wọ́n nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ dànù.

NọọsiAgbegbe: Tó bá jẹ́ 4, ṣé kí wọ́n fọkàn balẹ̀?

IyaOlogun: Rárá o! 3.5 µg/dL tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ń lò láti 2021 kì í ṣe ààlà ibi tí májèlé ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé nínú 1,000 ọmọ Amẹ́ríkà ọdún 1 sí 5, nǹkan bí 975 ni tiwọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yìí ti kọjá rẹ̀. Ti London ló burú jù: µmol/L, ìwọ̀n mìíràn tó yàtọ̀ sí µg/dL, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ẹ fi 20.7 sọ 0.39 di púpọ̀, ó di 8.

Kí wọ́n jáwọ́ nínú tìróò náà lónìí, kí wọ́n má dúró de àyẹ̀wò kankan. Ní Boston lọ́dún 2011, ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà ní 13 µg/dL. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò rẹ̀ wò, 82.6% rẹ̀ jẹ́ òjé. Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò níṣan láàárín oṣù mẹ́ta. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ wo ọ̀dà ara ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978, àti iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, torí òjé lè ti ibẹ̀ wá.

BabaLaabu: Kí wọ́n yẹ áyọ́ọ̀nù (èròjà irin) ara rẹ̀ wò pẹ̀lú, ọmọ tí tirẹ̀ bá dín máa ń fa òjé sára jù. Ṣé ìyá náà ń lé tìróò fúnra rẹ̀? Bó bá ṣì ń fọ́mọ lọ́mú, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà.