Dáàmù, asédò, adágún: èwo gan-an ló ń jò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń tú sí Yorùbá fún àwọn tó ń lo dáàmù kékeré ti dé iwájú wa, wọ́n ní ká yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò. Dáàmù tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti kọnkéré gìrìwò. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, gíga rẹ̀ kì í sábà ju mítà 5 tàbí 6 lọ. Ẹran ọ̀sìn ń mu níbẹ̀, wọ́n ń fa omi rẹ̀ rin oko, wọ́n sì ń sin ẹja nínú rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ni "dáàmù" fúnra rẹ̀. Ìwé náà lò ó fún òkìtì amọ̀ tó dínà odò, ó lò ó fún omi tí òkìtì náà dá dúró, ó tún lò ó fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Bí dáàmù bá kún, ẹ gbẹ́ ẹ." Kí ló kún un? Bó bá jẹ́ omi, a kì í gbẹ́ omi. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ sísàlẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé yìí, tó gbé ṣọ́bìrì, tó lọ ń gbẹ́ òkìtì amọ̀, ohun tí wọ́n ní kó ṣe náà ló ṣe yẹn.

A ní ọ̀rọ̀ ìṣe "sé" nílẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn apẹja ti ń sé odò kí wọ́n tó gbọ́n ọn. Ẹnìkan ti dábàá "ìsédò" fún ohun gbogbo, mo sì fara mọ́ ọn fún iṣẹ́ náà, torí iṣẹ́ tàbí àbájáde iṣẹ́ ni "ì-" ń tọ́ka sí. Fún òkìtì amọ̀, "asédò" ni mo mú wá: "a-" ń tọ́ka sí ohun tó ń ṣe é, bí "asẹ́" ṣe jẹ́ ohun tó ń sẹ́. Omi tí asédò dá dúró kò nílò orúkọ tuntun, "adágún" ni, omi tó dágún. Asédò ló ń jò, adágún ló ń fà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí ti mọ ibi tí yóò lọ wò.

Spillway, ọ̀nà tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde kúrò nínú adágún, ni wọ́n pè ní "ọ̀nà àkúnya". Mi ò fẹ́ ẹ. Àkúnya ni ìjàǹbá, ohun tí ọ̀nà yìí wà fún sì ni kí àkúnya má ṣẹlẹ̀. Mo dábàá "ẹ̀bùrú omi". Ẹ̀gbẹ́ asédò ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí, nínú ilẹ̀ àdáyébá, kì í ṣe lórí amọ̀ tí wọ́n kó wá. Ó máa ń fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ máa ń tẹ́jú, koríko kúkúrú máa ń bò ó, ó sì yẹ kó fi mítà kan, ó kéré tán, relẹ̀ ju orí asédò lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ìpalára tó pọ̀ jù. Àwọn kan á na àwọ̀n dí i kí ẹja má bàa bá omi lọ, ewé àti igi á há sínú àwọ̀n. Àwọn mìíràn á to àpò iyanrìn sí i kí omi lè pọ̀ sí i. Nígbà tí òjò ńlá bá dé, omi á gorí asédò, á máa wa ẹ̀yìn rẹ̀, ìhà tí kò kọjú sí adágún, bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ lè má tíì ṣú kí ó tó já.

Àmọ́ èyí tó lè pa èèyàn nínú ìwé náà ni "ìṣòro páìpù", bí wọ́n ṣe tú "piping". Kò kan páìpù dandan. Omi ló ń wá ọ̀nà gba inú amọ̀ kọjá, tó ń kó erùpẹ̀ dání. Láti ẹ̀yìn ni ihò náà ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa jẹ padà wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan adágún. Ọjọ́ tó bá kàn án, wákàtí díẹ̀ ló kù. Ibi tó ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ ni ihò òkété, ojú ọ̀nà gbòǹgbò igi tó ti kú tó sì jẹrà, ìpele amọ̀ tí wọn kò tẹ̀ dáadáa, àti ẹ̀gbẹ́ páìpù tó ń gba inú asédò gbé omi jáde, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀lẹ gún amọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí igi hù lórí asédò, koríko nìkan. Mo pè é ní "ọ̀gbàrá abẹ́nú".

Yorùbá ti la ọ̀rọ̀ tó kù sílẹ̀ fún wa, àwọn atúmọ̀ ni kò lò ó. Gbogbo ibi tí omi bá ti hàn lẹ́yìn asédò, "jò" ni wọ́n kọ. Ilẹ̀ tó rin kì í ṣe ilẹ̀ tí omi ń sun níbẹ̀, èyí tó ń sun kò sì tíì máa jò. Kò sí asédò amọ̀ tí ìdí rẹ̀ kì í rin díẹ̀. Bó bá ń sun, ẹ ri igi mọ́ etí ibẹ̀, kí ẹ máa wò ó bóyá ó ń gbòòrò. Ẹ bu omi náà sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ láìmì í. Bó bá tòrò láti òkè délẹ̀, kò tíì sí ewu púpọ̀. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ bá sùn sísàlẹ̀ ìgò, inú asédò ni erùpẹ̀ yẹn ti wá. Bó bá ti rú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa dín omi adágún kù kíákíá, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò sì kúrò.

Ìwé náà wá ní: "Ẹ fi amọ̀ dí ibi tó ń jò." Láti ẹ̀yìn kẹ̀? Omi tí a bá dí lẹ́nu níbẹ̀ á yọ níbòmíràn, pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sísẹ́ ni wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọn kì í dí i. Iyanrìn tó mọ́, tí kò ní amọ̀ nínú, ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ bo ibẹ̀ kọjá etí rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló tẹ̀ lé e, òkúta ńlá ló gbẹ̀yìn. Omi á jáde, erùpẹ̀ á dúró. Orúkọ rẹ̀ ni "asẹ́", mi ò rò pé a nílò òmíràn.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. "Asẹ́" àti "ọ̀gbàrá abẹ́nú", mo gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. "Rin", "sun", "jò", ó yẹ ká tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé kìíní.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé "dáàmù" lọ. Ohun tí wọ́n ń pè é létí omi nìyẹn, bí a bá sì kọ "ìsédò" sí ara ẹ̀yìn ìwé, wọ́n lè má mọ̀ pé tiwọn ni. Kó dúró fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kí asédò àti adágún wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù "ẹ̀bùrú" náà ń bà mí díẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀bùrú sábà máa ń fẹ́ dé láìjẹ́ ká mọ̀, ọ̀nà omi yìí sì gbọ́dọ̀ hàn gbangba.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà: "ìdajì". Ìwé náà ní bí dáàmù bá ti dé ìdajì, kí wọ́n dín bíbomirin kù. Ìdajì jíjìn ni, àbí ìdajì omi? Wọ́n máa ń fojú ìṣirò kan díwọ̀n adágún kékeré: gígùn asédò lójú omi, ìlọ́po bí omi ṣe nà sẹ́yìn tó, ìlọ́po jíjìn níbi tó jìn jù, kí a pín in sí 6. Asédò mítà 100, omi tó nà sẹ́yìn ní mítà 300, jíjìn mítà 4: ó jẹ́ 20,000 mítà kúbíìkì. Bí omi bá wá fà dé mítà 2, ìbú rẹ̀ àti nínà rẹ̀ náà ti dín kù. Ohun tó kù jẹ́ nǹkan bí 2,500, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹni tó rò pé ìdajì ṣì kù, tó gbin nǹkan lé e, ti wọ gbèsè. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ò sì ní dúró dè é. Nílẹ̀ tó móoru tó sì gbẹ, wọ́n lè gba omi tó tó mítà 2 lọ láàárín ọdún kan. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ "ìdajì jíjìn" tàbí "ìdajì omi", kí wọ́n má kọ "ìdajì" lásán láé.

Wọ́n pe "freeboard", àyè tó wà láàárín ojú omi àti orí asédò, ní "àyè ìgbì". Ìgbì nìkan kọ́ ni àyè yẹn wà fún. Omi máa ń ga sókè nígbà tó bá ń ṣàn gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, amọ̀ tuntun náà sì máa ń rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé gíga rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń mọ ọ́n.

*

Àbúrò, o ti borí lórí "dáàmù". Kó jẹ́ ti gbogbo rẹ̀.

Lórí "ẹ̀bùrú", mi ò tíì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó yà kúrò lára ọ̀nà gangan ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń gbà á ni wọ́n ń fi í sá pamọ́. Bí ẹlòmíràn bá ní èyí tó dára jù, kó mú un wá, àmọ́ kó má ní àkúnya nínú. Àyè ìgbì, jẹ́ ká pè é ní "àyè òkè omi", kó gba ìgbì, ìga omi àti rírì mọ́ra.

Ìdajì yẹn, mi ò rí i rárá. Ó dára tí o rí i.

Bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n tún gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn kọ nìyí: "Bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ inú adágún bá ti sún mọ́ ẹnu páìpù, ẹ kó o nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ti fà. Ẹ má gbẹ́ dé amọ̀ ìsàlẹ̀, torí òun ló ń di omi mú. Ẹ má ṣe gbẹ́ ìdí asédò." Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá lè gé e kúrú láìyọ amọ̀ ìsàlẹ̀ kúrò, mo ń retí rẹ̀.