Òórùn ìṣáná nínú wisikí àgbá sherry: ẹ bá mi dá sí i

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ wisikí Scotland dáadáa. Mo ra ìgò méjì single malt (wisikí ọkà bálì láti ilé ìpọntí kan ṣoṣo) ọlọ́dún 12 láti Speyside, agbègbè kan ní Scotland; inú àgbá oloroso (irú sherry kan, ìyẹn wáìnì líle láti Spain) nìkan ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Mo ṣí ọ̀kan tọ́ wò. Àjàrà gbígbẹ àti ọsàn ló kọ́kọ́ kọ lu imú mi. Kò pẹ́, òórùn ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá gba gbogbo ẹ̀. Mo kán omi díẹ̀ sí i, ó tún wá le sí i. Glenfarclas 15, wisikí àgbá sherry mìíràn tí mo máa ń mu, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sun imí ọjọ́ nínú àgbá sherry kó má baà bàjẹ́. Ṣé òun náà nìyí? Tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣé á lọ? Ìgò kejì wà fún ọjọ́ ìbí bàbá mi, wọ́n ń pé 70, mi ò sì fẹ́ gbé ohun tó ń rùn síwájú wọn.