Irin méjì lẹ́nu mi: ṣé kí n lọ yọ èyí tó ti pẹ́?

Ẹlẹ́rìn-ín
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Eyín mẹ́ta ni wọ́n bá mi dí ihò rẹ̀ nísàlẹ̀ lápá òsì, ó ti tó ọdún 15. Irin tó máa ń dúdú bí òjé yẹn ni wọ́n fi dí i. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n tún fi irin bo ọ̀kan lókè, apá òsì náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti deyín pọ̀, á ta mí bí ẹni fi ahọ́n lá bátìrì. Ẹran ìdí eyín tí wọ́n bò yẹn ń pọ́n, ó sì ń yún mi. Àbúrò mi ní mẹ́kúrì, irin olómi tó ní májèlé, ló ń jò, kí n lọ gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde kíá. Ẹ̀rù ń bà mí, torí a ń gbèrò ọmọ. Ara mi kì í sì í gba gbogbo nǹkan: yẹtí olówó pọ́ọ́kú lásán, etí mi á ti máa ṣomi.

Bàbá Ìbejì
Ẹ lọ yọ ọ́! Ìdajì nǹkan dúdú yẹn, mẹ́kúrì ni. Àjọ Yúróòpù ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2025. Bí kò bá léwu, kí ló dé tí wọ́n fi lé e?

Olùrànlọ́wọ́ Eyín
Bàbá Ìbejì, òótọ́ ni ti ìdajì yẹn. Fàdákà, tánńganran àti bàbà ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ṣùgbọ́n dídí tuntun ni òfin náà kàn, torí mẹ́kúrì tó ń bá omi ìdọ̀tí lọ sódò wà lára ohun tó bí i. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ hú ti ẹnu rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọdún 11 ni mo ti ń di ọ̀pá tó ń fa itọ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà. Ìgbà tí a bá ń gbẹ́ ẹ jáde gan-an ni oru mẹ́kúrì máa ń pọ̀. Ẹ ó rí eérú rẹ̀ bí ẹ̀tù lórí rọ́bà tí a ta bo eyín yòókù. Bí tiyín kò bá sán, ẹ fi í sílẹ̀. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ ní 2020 pé kí wọ́n yẹra fún fífi í dí eyín aboyún àti ẹni tó ń gbèrò oyún, síbẹ̀ wọ́n ní kí a má yọ èyí tó ṣì dára láìnídìí.

Ọ̀rọ̀ yẹtí tí ẹ kàn sọ kọjá yẹn ni mo dúró lé. Irin kan tí wọ́n ń pè ní níkẹ́ẹ̀lì, tí ara àwọn kan kì í gbà, sábà máa ń wà nínú yẹtí bẹ́ẹ̀, ó sì wà nínú oríṣi irin kan tí wọ́n fi ń bo eyín. Ẹ padà lọ bá ẹni tó ṣe é, kó kọ orúkọ irin náà fún yín. Kí dókítà awọ ara lẹ níkẹ́ẹ̀lì mọ́ yín lẹ́yìn fún ọjọ́ méjì, kó wò ó. Kó dán palladium, irin mìíràn, wò pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn kọ̀kan ló ń kọ èkejì.

Ti títa yẹn ńkọ́? Irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì, itọ́ láàárín wọn: bátìrì náà ni.

Ẹlẹ́rìn-ín
Háà! Bọ́tìnì jíńsì mi máa ń yún mi nísàlẹ̀ ìdodo, ibẹ̀ ti dúdú. Mo rò pé ooru ni. Ẹnìkan ní kí n fi irun orí mi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò mẹ́kúrì o.

Olùrànlọ́wọ́ Eyín
Ẹ má náwó sí i. Mẹ́kúrì inú ẹja ni irun máa ń fi hàn jù. Ìtọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ti eyín. Ṣé ẹ kì í payín keke lóru? Ìyẹn máa ń mú oru rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹlẹ́rìn-ín
Mo bi ọkọ mi. Ó ní bí eku tó ń jẹ pákó ni mo máa ń ṣe, òun kàn ń dákẹ́ ni. Ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ béèrè orúkọ irin yẹn.