Amí, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Ọ̀dàlẹ̀: Kí Ni Ká Pe Àwọn Èèyàn Inú 13 Rue Madeleine?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ ká fún àwọn èèyàn inú 13 Rue Madeleine, fíìmù ogun tí Henry Hathaway darí, tó jáde ní 1947, nípa àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n rán lọ ṣiṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ní Faransé nígbà tí Jámánì gba ibẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. James Cagney ló ṣe Bob Sharkey, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè wọ́n ní "ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́". Àbúrò wa kan ní "aṣojú ìkọ̀kọ̀" ló bá ìgbà mu. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àwọn oníròyìn wa ò sì lè ṣe kí wọ́n má lò ó. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, tó ń wá ọ̀daràn nínú ìlú tirẹ̀, la fi ń pè. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló wà lẹ́yìn Sharkey? Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Faransé, àwọn tirẹ̀ gan-an ló rán bàálù wá ju bọ́ǹbù sí ilé Gestapo, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Jámánì, tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹ́ ní Le Havre, kó má baà jẹ́wọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ni ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe irú èyí fún?

"Aṣojú ìkọ̀kọ̀" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbangba ni aṣojú máa ń dúró. Ẹni tó ṣojú ẹbí níbi ìdána, ẹni tí a dìbò yàn lọ sílé aṣòfin, gbogbo ayé ló mọ ẹni tó rán an. "Secret agent" ti Gẹ̀ẹ́sì la tú lẹ́yọ-lẹ́yọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì ń bá ara wọn jà.

Amí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Òun náà ni Bíbélì wa lò fún àwọn ọkùnrin méjì tí Jóṣúà rán lọ sí Jẹ́ríkò, tí Ráhábù fi pòròpórò ọ̀gbọ̀ bò mọ́lẹ̀ lórí òrùlé. Àtakò tí mo ń gbọ́ ni pé amí kàn ń wò ni, tó ń padà wá ròyìn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Suzanne, tí Annabella ṣe, ẹ̀rọ ló fi ń ta ìròyìn ránṣẹ́. Amí nìyẹn láìsí àríyànjiyàn. Sharkey ní tirẹ̀ lọ jí Duclois gbé, ọkùnrin Faransé tó ya àwòrán ibi tí àwọn Jámánì ń kó rọ́kẹ́ẹ̀tì sí, kí wọ́n lè gbé e lọ sí Ìlú Ọba. Iṣẹ́ ogun nìyẹn. Fún irú wọn, mo dábàá "ajagun abẹ́lẹ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i: abẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe abẹ́lé. Ogun abẹ́lé ni ti 1967 sí 1970 ní Nàìjíríà.

Ti Wilhelm Kuncel ló ká mi lára jù. Ọmọ Jámánì ni, ó pe ara rẹ̀ ní Bill O'Connell, ó sì bá àwọn ará Amẹ́ríkà náà kọ́ṣẹ́ dópin. Sharkey ti mọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó lè gbé ìròyìn èké lọ bá àwọn tó rán an. Wọ́n ní kí Jeff Lassiter, ọ̀rẹ́ Kuncel, máa ṣọ́ ọ. Nínú bàálù, Kuncel rí i pé ìṣe Lassiter sí òun ti yí padà. Ó gé okùn tó yẹ kó ṣí páráṣúùtì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lassiter bẹ́, kò sì ṣí.

Ọ̀pọ̀ yín ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹ dúró ná. Ẹni tí kò bá mulẹ̀ kò lè dalẹ̀. Jámánì ni Kuncel bá mulẹ̀, kò sì dà á. Duclois, tó bá ọ̀tá ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ni àwọn Faransé lè pè ní ọ̀dàlẹ̀. Mo gbà pé Kuncel da Lassiter, torí ọ̀rẹ́ náà ìmùlẹ̀ ni; ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. "Amí inú amí" ni mo pè é. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ohun ìtìjú gbáà ni fún ẹgbẹ́ amí: William Donovan, olórí OSS, ẹgbẹ́ amí Amẹ́ríkà nígbà ogun, tako àwọn tó ṣe fíìmù náà torí pé wọ́n fi ọ̀tá hàn nínú ẹgbẹ́ òun, ni wọ́n bá yọ orúkọ OSS, wọ́n fi O77 dípò.

Ó ku orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílẹ̀ ọ̀tá. "Ayédèrú orúkọ" ti bá jìbìtì rìn jù. "Orúkọ ìbòjú" tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwé ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ fún wọn ni kó jẹ́ ayédèrú. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó mú un wá.