Ṣé VIX nìkan tó láti mọ ewu inú ọjà ìpín ìdókòwò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Mo máa ń wo VIX, atọ́ka tó ń fi hàn bí àwọn oníṣòwò ṣe ń retí kí ọjà ìpín Amẹ́ríkà mì tó, kí n tó fi owó kún àpò ìdókòwò mi tó ń tẹ̀lé S&P 500, ìyẹn atọ́ka ìpín nǹkan bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 15, ọkàn mi a balẹ̀, n óò sì rà. Bí ó bá kọjá 30, n óò fà sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òdì ni mo ń kà á. Ṣé òótọ́ ni, àti pé kí ni ẹ̀yin máa ń wò mọ́ ọn?

Èsì kìn-ín-ní

Ọ̀rẹ́ yín kò jìnnà sí òótọ́. Iye tí àwọn èèyàn ń san lórí àdéhùn options ti S&P 500 ni Cboe, ilé ọjà options kan ní Amẹ́ríkà, fi ń ṣírò VIX. Options ni àdéhùn tó fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti rà tàbí láti tà ní iye tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ọ̀pọ̀ sì ń rà á láti fi dáàbò bo owó wọn bí ọjà bá wálẹ̀. Nítorí náà owó adójútòfò ni ẹ ń wò, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ibi tí ọjà yóò gbà. Bí ó bá wà ní 20, ohun tó ń sọ ni pé àwọn oníṣòwò ń retí kí ọjà gòkè tàbí kí ó wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Adójútòfò tó pọ́ọ́kú kò ní kí iná má jó ilé. Nígbà tí ọjà tú lọ́jọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, 9.14 péré ni VIX wà. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2018, ó fò láti 17.31 dé 37.32 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kí olùbéèrè má torí ìyẹn di ẹni tí yóò máa sáré rà nígbàkigbà tí ẹ̀rù bá gba ọjà kan. Lọ́dún 2008, VIX dé 80.86 lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá, síbẹ̀ ó di ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2009 kí S&P 500 tó kan ìsàlẹ̀. Lọ́dún 2020 ẹ̀wẹ̀, ó dé 82.69 lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà sì ni ọjà kan ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rù méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó tí yóò nílò láìpẹ́ rà lọ́dún 2008 ti lè fi àdánù tà kí ara tó tù ú.

Ní tèmi, àlàfo tó wà láàárín èlé tí àwọn ilé iṣẹ́ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ń san àti èyí tí ìjọba ń san ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹni tó yáni lówó kì í bá wọn pín èrè tó bá lé, nítorí náà ó máa ń tètè fura. Bí VIX bá ń pariwo tí àlàfo yìí kò sì fẹ̀ sí i, n kì í sábà mi. Ìwádìí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí AAII, ẹgbẹ́ àwọn olùdókòwò aládàáni ní Amẹ́ríkà, fi ń bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn léèrè ibi tí wọ́n rò pé ọjà yóò gbà ní oṣù mẹ́fà sí i náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń dáhùn. Ẹni tó ní ọjà yóò wó lóṣù mẹ́fà sí i lè máà tíì ta ìpín kan.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ìgbà tí VIX bá wà nílẹ̀ ló wá yẹ kí n ra adójútòfò ọ̀hún?

Èsì kìn-ín-ní

Ìgbà náà ni kì í wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tó ń parí, bí ẹ bá sì ń rà á lóṣooṣù láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa jẹ èrè yín.