Windows 10 ti kúrò lábẹ́ àbójútó: kí ni kí n ṣe sí láptọ́ọ̀pù tí kò lè gba Windows 11?

Alátẹ̀wé Àgbowó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí a ti ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láptọ́ọ̀pù mẹ́rin ni à ń lò, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, HP EliteBook 840 G3, Windows 10 ni ó sì wà lórí wọn. Láti ìgbà tí Microsoft ti jáwọ́ nínú àbójútó Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ni ìkìlọ̀ ti ń yọ lójú wọn. Nígbà tí mo fẹ́ gbé Windows 11 sórí ọ̀kan, ó ní processor rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹni tí ń bá mi tún wọn ṣe ní kí n tà wọ́n kí n ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ geere, owó bébà àti ti epo jẹnẹrétọ̀ kò sì jẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀. Ṣé wọ́n máa dáṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí ewu kan wà níbẹ̀ tí n kò rí?

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Wọn kò ní dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì tíì tà wọ́n. Ohun tí ó dópin ni àtúnṣe ààbò tí Microsoft ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù láti ọdún 2015 tí Windows 10 ti jáde. Ihò yòówù tí àwọn ọ̀daràn bá rí lára rẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tí yóò bá yín dí i. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan ni Windows 10 àti 11 jọ ní lára, nítorí náà, nígbà tí Microsoft bá dí ihò kan lára Windows 11, àwọn tí ń wá ọ̀nà ibi a yẹ àtúnṣe náà wò fínnífínní, wọn a sì fi mọ ibi tí ti Windows 10 ti là sílẹ̀. Defender, ètò tí ń lé fáírọ́ọ̀sì nínú Windows, yóò ṣì máa dá fáírọ́ọ̀sì tuntun mọ̀ títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2028, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí ihò kankan.

Ẹ rántí fáírọ́ọ̀sì WannaCry ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tí ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa káàkiri ayé, tí ó sì ń béèrè fún 300 dọ́là kí ó tó ṣí wọn. Láti oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Windows 7, tí ó ṣì wà lábẹ́ àbójútó nígbà náà, ni ó pọ̀ jù lára àwọn tí ó bá. Àwọn tí ó ni wọ́n ni kò gba àtúnṣe.

Níbi iṣẹ́ yín, fílàṣì àwọn oníbàárà ni mo bẹ̀rù jù. Ẹ ó ti rí i rí pé akẹ́kọ̀ọ́ ki fílàṣì bọ kọ̀ǹpútà, tí fódà orí kìíní dé orí karùn-ún sì di àmì tí ó ní ọfà kékeré ní igun, tí fáìlì gan-an sì ti fara pamọ́. Ẹ pa AutoPlay, èyí tí ó máa ń fẹ́ ṣí fílàṣì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ fílàṣì kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó ṣí ohunkóhun lórí rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí Microsoft fi sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ESU (àfikún àtúnṣe ààbò). Tí Windows 10 yín bá jẹ́ ẹ̀dà 22H2, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Windows Update, ẹ ó rí ibi tí ẹ ti lè forúkọ sílẹ̀ kí àtúnṣe ààbò lè máa wọlé títí di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026. Ọ̀fẹ́ ni bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tí ẹ sì jẹ́ kí ó máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín sórí OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá fẹ́ tọ́jú ètò yín síbẹ̀, 30 dọ́là ni. Àkáǹtì kan lè gba kọ̀ǹpútà mẹ́wàá.

Ọmọ Ìwó Road:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ìlò ara ẹni ni wọ́n ṣe ESU olówó pọ́ọ́kú yẹn fún. Ti iléeṣẹ́ yàtọ̀: 61 dọ́là ni fún kọ̀ǹpútà kan ní ọdún kìíní, iye náà sì ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, nítorí náà kí ìyá wa ka àdéhùn rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ ra òmíràn, ẹ má gba ọ̀rọ̀ olùtajà gbọ́ pé «Windows 11 ti wà lórí ẹ̀». Àwọn kan mọ bí a ṣe ń fipá gbé e sórí ẹ̀rọ tí kò yẹ. Ẹ ṣí About, kí ẹ wo nọ́ńbà processor: i5-6300U, 6 tí ó tẹ̀lé àmì «-» ni ìran kẹfà. Láti ìran kẹjọ, irú i5-8350U, ni Windows 11 ti ń gba Core ti Intel, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀.

Alátẹ̀wé Àgbowó:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnì kan ní kí n kúkú gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè lò dípò Windows, sórí gbogbo wọn. Ṣé iṣẹ́ Word tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wá kò ní dàrú?

Ará Bódìjà:
Yóò dàrú díẹ̀, ìyá wa. LibreOffice, tí a ń lò dípò Word lórí Linux, máa ń ṣí fáìlì Word, ṣùgbọ́n àlà etí ìwé, nọ́ńbà ojú ewé àti àtẹ àkóónú a máa yẹ̀ kúrò ní ipò wọn, ẹ sì mọ bí àwọn olùkọ́ ṣe ń dá iṣẹ́ padà nítorí irú nǹkan wọ̀nyí. Ní tèmi, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni n bá fi Linux Mint 22, irú Linux kan, sí, tí àbójútó rẹ̀ yóò dé ọdún 2029 láìgba kọ́bọ̀. Òun ni kí gbogbo fílàṣì kọ́kọ́ máa wọ̀, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún Windows kì í sábà lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, òun náà ni ẹ ó sì máa fi tẹ PDF jáde. Kí àwọn mẹ́ta yòókù wà lórí Windows 10 pẹ̀lú ESU. Ẹ lè dán Mint wò láti orí fílàṣì láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ, kí ẹ fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín yóò bá a ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti gbà, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín sórí háàdì dísìkì mìíràn, torí pé bí ẹ bá gbé e wọlé, ó lè pa gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́.